Ooru Inú Ìyá Àgbà

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kejì

Mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọsibítù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà mú mi kọ orúkọ sínú ìwé àlejò lónìí: nígbà tí mo dé, nígbà tí mo lọ ra búrẹ́dì tí mo padà, àti nígbà tí mo gbàgbé awò ojú mi sórí tábìlì rẹ̀ tí mo ní kí n kàn nawọ́ mú un láti ìta. "Ọwọ́ rẹ ti wọlé," ni bàbá wí. "Kọ orúkọ." Mo kọ ọ́. Bàbá Ìwé ni mo sọ ọ́ nínú ọkàn mi.

Iṣẹ́ náà rèé. Lóṣù tó kọjá, kọ̀ǹpútà kan gbóná nínú yàrá káàdì títí ó fi ń rú èéfín. Ọpẹ́lọpẹ́ obìnrin tó ń fọ ilẹ̀, òun ló sáré yọ wáyà rẹ̀. Akọ̀wé àgbà wá pàṣẹ pé tó bá fi di ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, kọ̀ǹpútà tí òun kò bá lè jókòó sí ọ́fíìsì òun kí òun máa rí bí inú rẹ̀ ṣe gbóná tó, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nídìí iṣẹ́. Kò sí ẹ̀bẹ̀. Kọ̀ǹpútà mẹ́sàn-án ni wọ́n ní, èmi ni kí n mú kí mẹ́sẹ̀ẹ̀sán máa sọ bí ara wọn ṣe rí.

Mẹ́jọ kò bà mí lẹ́rù. Ìkẹsàn-án ni gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Àgbà, inú láàbù ló wà. Òun ni ẹ̀rọ tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò so mọ́, ẹ̀rọ ọ̀hún kò sì gbọ́ràn sí kọ̀ǹpútà míì lẹ́nu àfi òun. Bí wọ́n bá yọ Ìyá Àgbà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ parí ní ọsibítù yìí nìyẹn. Èyí tó tún súnmọ́ wa, wákàtí mẹ́rin ni nínú bọ́ọ̀sì, àlọ nìkan.

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò níbẹ̀ nítorí kíndìnrín. Mi ò tíì sọ fún un.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Mo ti sọ ètò kọ̀ǹpútà tí mo kọ lórúkọ: Olófòófó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó wọ inú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan lọ, kó wá ẹni tó ń ka ooru níbẹ̀, kó padà wá ròyìn. Ìrìn àkọ́kọ́, mẹ́rin nínú mẹ́sàn-án dáhùn. Inú mi dùn kọjá bó ṣe yẹ. Wọ́n ní olófòófó ò gbẹgbàá, ibi ọpẹ́ ló mọ, àmọ́ kò tíì sẹ́ni tó dúpẹ́ pàápàá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mo tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n mi lọ fa ẹ̀jẹ̀. Bàbá Ìwé rí i láti òkèèrè, ó bọ́ fìlà. "Ìyàwó mi, ẹ káàbọ̀ o." Káàdì ìwòsàn rẹ̀ ló fi wọlé. Èmi tí mo wà lẹ́yìn rẹ̀, ó na pẹ́ńì sí mi láì tilẹ̀ wojú mi.

A jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Ẹ̀gbọ́n mi kì í jókòó lásán, aránṣọ ni. Ó mú búláùsì kan jáde nínú báàgì, ó ń ṣe ojú bọ́tìnnì.

"Kí lo tilẹ̀ ń wá kiri nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí gan-an?"

"Sẹ́ńsọ̀ ni. Nǹkan kékeré kan tó ń wọn ooru nínú kọ̀ǹpútà."

"Ó dáa. O ti rí i, àbí?"

"Ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Dírẹ́bà rẹ̀ ló máa ń bá a sọ ọ́."

"Dírẹ́bà? Kí ló ń wà?"

Obìnrin tó jókòó tì wá bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó bí ilé. Kẹ́nẹ̀lì ni baálé ilé nínú kọ̀ǹpútà. Kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé tí kò gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Dírẹ́bà yìí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, ooru ni tirẹ̀ láti máa kà. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà mẹ́sàn-án, baálé mẹ́sàn-án, ọjọ́ orí wọn ò sì dọ́gba. Ohun tí baálé àtijọ́ ń tọ́jú sí yàrá inú, ti òde òní gbé e sí pálọ̀. Ẹni tí èyí ń lò, ìyẹn ò mọ̀ ọ́n rí."

Ó fi eyín já òwú. "Nítorí náà, ò ń ti ojúlé kan bọ́ sí òmíràn, ò ń béèrè pé ta ló ń ka ooru níbí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Wọ́n sì ń sanwó fún ọ." Ó mi orí. "Ọlọ́run tóbi."

Èsì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jáde láàárín wákàtí kan. Ó dára díẹ̀ ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Lọ́jọ́ Ẹtì, ìwọ̀n ooru kọ̀ǹpútà ilé oògùn wà ní 47. Lónìí, ó di 31. Mo ti ń rẹ́rìn-ín kiri pé ibẹ̀ tutù, àfi ìgbà tí mo wò ó dáadáa: ooru dísìkì tí ẹ̀rọ ń tọ́jú fáìlì sí ni Olófòófó ń mú wá fún mi, kì í ṣe ti ọpọlọ ẹ̀rọ. Wọ́n pa kọ̀ǹpútà náà ní òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n tún un tàn, kẹ́nẹ̀lì sì fún àwọn sẹ́ńsọ̀ ní nọ́ńbà bí wọ́n ṣe tètè dé sí. Ẹni tó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ lọ́jọ́ Ẹtì ti di ẹnì kejì lónìí. Olófòófó kàn ń béèrè ẹni tó jókòó sí àga àkọ́kọ́, kò béèrè orúkọ.

Mo ti kọ́ ọ láti máa béèrè orúkọ. Mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án ti ń dáhùn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Ooru. Búrẹ́dì tún ti gbówó lórí. Ìwé àlejò kún, Bàbá Ìwé ṣí tuntun. Orúkọ mi ló wà ní ìlà àkọ́kọ́, ó sì ní kí n tún un kọ torí pé mo kọ ọ́ wọ́.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ara mi.

Kọ̀ǹpútà méjì, ti yàrá fáìlì àti ti akápò, kò tíì dáhùn láti ìbẹ̀rẹ̀. Dísìkì nìkan ló ní sẹ́ńsọ̀ tó ṣeé kà nínú àwọn méjèèjì, dírẹ́bà tó ń kà á kò sì sí nínú kẹ́nẹ̀lì kankan ṣáájú èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 5.6; bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni kẹ́nẹ̀lì ṣe tuntun tó. Mo ti kọ ọ́ sí Olófòófó létí pé bí kẹ́nẹ̀lì bá ti wà ṣáájú 5.6, kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú. Àwọn méjèèjì yìí, 5.10 ni kẹ́nẹ̀lì wọn. Tuntun ni wọ́n. Mo bú wọn, mo bú ẹni tó rà wọ́n, mo fẹ́ẹ̀ bú ẹni tó bí ẹni tó rà wọ́n.

Lónìí ni mo wá rí i pé Olófòófó ń ka nọ́ńbà bí ẹni ń ka lẹ́tà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó rí márùn-ún nínú méjèèjì, ó ní wọ́n dọ́gba. Ó wo èyí tó tẹ̀lé e: ọ̀kan níhìn-ín, mẹ́fà lọ́hùn-ún. Ó ní ọ̀kan kéré sí mẹ́fà, 5.10 ló ṣáájú, ó sì yí padà sílé. Lójú tirẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá jẹ́ àbúrò ọmọ ọdún mẹ́fà. Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀? Èmi ni.

Mo tún un ṣe láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Mẹ́jọ ti ń dáhùn. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà akápò, akápò sì bi mí bóyá mo ti jẹun.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ó wá kan Ìyá Àgbà.

Nígbà kan rí, funfun ni, àwọ̀ tíì oníwàrà ló ti dà báyìí. Kẹ́nẹ̀lì rẹ̀, 2.6. Èyí ti wà kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá láàbù, obìnrin gíga kan tí kì í jókòó, fi aṣọ tí ó fọwọ́ hun bo orí Ìyá Àgbà, ó sì máa ń kí i láàárọ̀ kó tó kí èèyàn.

Ohun tí Olófòófó kọ́kọ́ máa ń béèrè níbi gbogbo ni pé kí wọ́n mú àkọsílẹ̀ àwọn dírẹ́bà tó ti wọlé jáde. Bó bá rí orúkọ ẹni tó ń ka ooru níbẹ̀, ìgbà yẹn ló máa wá lọ ká a mọ́ yàrá rẹ̀. Àkọsílẹ̀ Ìyá Àgbà, orúkọ mẹ́fà péré, kò sí ti ooru nínú wọn. Mo fẹnu ara mi pe dírẹ́bà náà lórúkọ pé kó wọlé. Èsì: kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Bí mo ṣe ń ronú lọ́wọ́, Ìyá Àgbà dún pìì, ó kú. Aago méjìlá ọ̀sán, ìgò ẹ̀jẹ̀ méjìlá lórí ìlà, àwọn èèyàn ń retí lórí bẹ́ǹṣì.

Ọ̀gá gbé ọwọ́ lé e lórí. "Oníkọ̀ǹpútà, ara rẹ̀ ń gbóná. Ọ̀sẹ̀ yìí nìkan, ìkẹta rèé tó máa ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀rí ni mo ń wá, mà."

"Ọwọ́ mi ńkọ́?"

"Akọ̀wé àgbà ò ní gba ọwọ́ yín, mà. Nọ́ńbà ló fẹ́."

Ó wò mí bí ẹni tí mo bú ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jáde lọ bá àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì, ó sì ń bẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Ẹ̀gbọ́n mi ti mọ̀. Bàbá Ìwé ló sọ fún un, ó rò pé èmi ti sọ ọ́.

A délé. Ó gbé omi kaná, ó bu tíì, ó jókòó síwájú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ láì rán nǹkan kan. "O mọ̀ láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́."

"Wákàtí mẹ́rin," ló wí. "Àlọ nìkan. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ kan fún ìrìn, ọjọ́ kan kí n fi sinmi àárẹ̀ rẹ̀. Ta ni yóò máa rán aṣọ àwọn oníbàárà mi?"

Ó yí àgbá òwú lọ́wọ́, ó wá ní, "Má tún fi irú ọ̀rọ̀ báyìí pamọ́ fún mi mọ́. Kíndìnrín ló ń ṣe mí, kì í ṣe etí."

Mo wọ balùwẹ̀, mo sunkún. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo kọ ọ́ síbí kí n lè rí i pé mo kọ ọ́: ẹ̀rù ń bà mí gidi gan-an.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo ṣe ohun tí kò dáa lónìí. Nígbà tí àkọsílẹ̀ ò ràn mí lọ́wọ́, mo ní kí Olófòófó máa kan gbogbo ilẹ̀kùn tó wà nínú Ìyá Àgbà níkọ̀ọ̀kan, bóyá sẹ́ńsọ̀ kan á dáhùn. Mo mọ̀ pé nínú ẹ̀rọ àtijọ́, àwọn ilẹ̀kùn kan wà tí èèyàn kì í kàn. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì ṣe é, nítorí pé ojú ń kán mi. Ní ilẹ̀kùn kọkànlá, ojú Ìyá Àgbà dúró gbagidi. Kò lọ, kò bọ̀.

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó tún dìde. Mo ti ń rò pé èmi fúnra mi ni mo pa ohun tí mo wá gbà là.

Ọ̀gá ò pariwo, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ó ní, "Ọwọ́ kúrò." Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó wá fún mi ní aago méjì sí mẹ́rin lọ́sàn-án, lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti parí, ó sì ní òun á máa dúró tì mí. Mo dúpẹ́. Èmi ì bá má fún ara mi ní nǹkan kan.

Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù. Mi ò rí nǹkan kan. Mo jágbe mọ́ ẹ̀gbọ́n mi nítorí ṣíbí. Mo ti bẹ̀ ẹ́. Ó ní ṣíbí náà ti dárí jì mí.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta

Kí n rọra kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Akọ̀wé àgbà kọ̀wé sí Ọ̀gá láàbù pé kó múra bí wọ́n á ṣe máa kó ẹ̀jẹ̀ lọ síbòmíràn láti ọjọ́ kẹtàdínlógún. Ọ̀gá pè mí lórí fóònù kí n wá kà á fúnra mi. Mo dé ẹnu ọ̀nà ní aago méjì, oòrùn ń ta, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé Ọ̀gá láàbù ti wọlé láti ibi oúnjẹ?"

Ó ṣí ìwé. Ó fi ìka tọ ojú ewé láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ṣí ewé kejì, ó tọ ìyẹn náà. "Kò wọlé."

"Bàbá, òun ló pè mí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn."

"Kò wọlé láàárọ̀, kò wọlé lọ́sàn-án. Orúkọ rẹ̀ kò sí níbí."

Ìgbà yẹn gan-an ni ohùn Ọ̀gá ta jáde láti ojú fèrèsé láàbù, ó ń bá ẹnì kan jà lórí fóònù nítorí ìbọ̀wọ́ tí wọn ò kó wá. Àwa méjèèjì gbọ́ ọ ketekete. Mo wo bàbá. Bàbá wò mí.

"Ta nìyẹn, sà?"

"Òun ni." Ojú ò tì í rárá. "Inú ọgbà yìí ló ń gbé, ilé rẹ̀ ló wà lẹ́yìn láàbù yẹn. Kì í gba ọ̀dọ̀ mi kọjá. Ìwé àlejò nìyí, ọmọ mi. Ṣé onílé ń kọ orúkọ sínú ìwé àlejò ni? Bó o bá ń wá onílé, ilé ni wàá wọ̀ lọ wò."

Mo dúró. Pẹ́ńì wà lọ́wọ́ mi, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe mọ́.

Àkọsílẹ̀ tí Olófòófó ń béèrè, àkọsílẹ̀ àwọn dírẹ́bà tó gba ẹnu ọ̀nà *wọlé* ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń po kẹ́nẹ̀lì lè po dírẹ́bà kan mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Irú èyí kì í wọlé, torí pé inú ilé ni wọ́n bí i sí. Orúkọ rẹ̀ kì í sí nínú àkọsílẹ̀. Bí o bá pè é pé kó wọlé, wọ́n á ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níta. Òótọ́ ni, kò sí níta! Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mo sì mọ ọ̀rọ̀ yìí bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Kọ̀ǹpútà mẹ́jọ tó ń gba ẹnu ọ̀nà ló mú mi gbàgbé pé ọmọ ilé wà.

Mo sáré. Bàbá Ìwé figbe ta: "Kọ orúkọ!" Mo sáré padà, mo kọ ọ́, mo tún sáré lọ.

Fáìlì kan wà níbi tí ẹni tó po kẹ́nẹ̀lì ti ń kọ ohun tó fi sí i. Lẹ́tà *m* fún dírẹ́bà tó máa ń ti ìta wọlé, *y* fún ti abẹ́lé. Mo wá dírẹ́bà ooru nínú rẹ̀. *y*. Mo wo ibi tí àwọn tuntun ń kó nǹkan sí, kò sí. Mo wọ yàrá inú, níbi tí àwọn àtijọ́ ń lò, fáìlì kékeré kan wà níbẹ̀. Mo ṣí i.

91000.

Ìdákan nínú ẹgbẹ̀rún ni wọ́n fi ń kọ ọ́. 91 ni. Ìyá Àgbà ti ń kọ ọ́ síbẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dé ilé ayé, kò kàn sí ẹni tó wọ yàrá lọ kà á. Mo kígbe. Ọ̀gá ju fóònù sílẹ̀ ó sáré wọlé, ó rò pé iná ló gbé mi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Rírí nọ́ńbà kò tó. Ní 95, Ìyá Àgbà máa ń pa ara rẹ̀ kó má bàa jóná, bí akọ̀wé àgbà bá sì rí 91 lójú ẹ̀rọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá yọ wáyà. Aago méjì gééré, èmi àti Ọ̀gá tú Ìyá Àgbà. Eruku inú rẹ̀ nípọn débi pé èèyàn lè fi rọ ìrọ̀rí. Lẹ́yìn rẹ̀, páálí ńlá kan tó kún fún fọ́ọ̀mù àtijọ́ fara ti ihò tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gbà jáde, ó dí i pátápátá.

Mo ní, "Ta ni aláìláàánú tó gbé páálí síbí?"

Ọ̀gá mú búrọ́ọ̀ṣì. Ó gbá eruku díẹ̀. "Atẹ́gùn ibẹ̀ ló máa ń fẹ́ ìwé èsì mi dànù," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ọdún kẹrin rèé."

A wo ara wa, ẹ̀rín pa wá. Ọ̀gá láàbù tí kì í jókòó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń nu ojú. "Mo ń kí i láràárọ̀," ló ń wí, "mo ń kí i, mo sì fún un lọ́rùn."

Búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé la fi gbọn ọ́n. Fáànù rẹ̀ ń han, mo sì rántí ẹni tí mo mọ̀ tó ní òróró. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, ó gbé òróró ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dé fúnra rẹ̀, ó kán ẹ̀kán méjì sí i bí ẹni ń kán oògùn sójú ọmọ. Fáànù dákẹ́, ó ń yí.

A tàn án. Ní ìparí wákàtí kan, 52.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ìyá Àgbà kò kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti àárọ̀. Nígbà tí èsì ń jáde, ẹ̀gbọ́n mi na ọrùn wo ojú kọ̀ǹpútà. "Tèmi ńkọ́? Tiẹ̀ ti dára, ṣé tèmi náà dára?" Tirẹ̀ kò yí padà sí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó ní òun fara mọ́ ọn, ẹni tó dúró kò tíì ṣubú.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Mo ti yí òfin Olófòófó padà pátápátá. Kó kọ́kọ́ wọlé, kó wo pálọ̀, kó wo yàrá inú. Bí kò bá rí ẹnì kankan, ìgbà yẹn ni kó tó lọ béèrè àkọsílẹ̀. Mo jẹ́ kó rìn yíká lẹ́ẹ̀mẹta. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́sàn-án, lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kódà ó rí sẹ́ńsọ̀ kan nínú kọ̀ǹpútà ilé oògùn tí èmi fúnra mi kò mọ̀ pé ó wà.

Mo ra búrẹ́dì méjì, mo fún Bàbá Ìwé ní ọ̀kan. Ó gbà á, ó dúpẹ́, ó na pẹ́ńì sí mi.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Iná lọ ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Àfi lónìí! Ó dé ní aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú díẹ̀, gbogbo kọ̀ǹpútà ń tàn lọ́kọ̀ọ̀kan, akọ̀wé àgbà sì ti jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ká apá mọ́ àyà. Ọ̀gá dúró sí apá ọ̀tún mi. Ẹ̀gbọ́n mi, tí kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀, dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì ìránṣọ rẹ̀, ó ní ìṣẹ́tí aṣọ akọ̀wé àgbà ti tú, òun wá wọ̀n ọ́n ni. Irọ́ funfun báláú.

Ìlà mẹ́jọ jáde lójú ẹ̀rọ. Ilé oògùn, 44. Akápò, 39. Yàrá fáìlì, 40. Bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìlà kẹsàn-án ṣófo.

"Èyí ńkọ́?" ni akọ̀wé àgbà wí.

"Ó ń dìde lọ́wọ́, sà."

Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta. Mẹ́rin. Mo mọ̀ pé ìṣẹ́jú méje ló máa ń gbà á kó tó jí, mo ti kà á lójoojúmọ́, síbẹ̀ ìṣẹ́jú tòní gùn ju ti gbogbo ọjọ́ lọ. Akọ̀wé àgbà mú bírò, ó fẹ́ fàlà sí nǹkan kan lórí ìwé.

Ọ̀gá ní, "Sà, àgbà kì í fò dìde lórí ibùsùn. Ẹ̀yin náà kì í fò."

Akọ̀wé àgbà, tí irun orí rẹ̀ ti funfun tán, gbé bírò sílẹ̀.

Ìlà kẹsàn-án jáde. Láàbù, 36.

Ó súnmọ́ ojú ẹ̀rọ, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó tún un wọ̀. "Kí ló dé tó fi jẹ́ pé òun tó dàgbà jù ló tutù jù?"

"A gbé páálí kúrò lọ́rùn rẹ̀, sà," ni mo wí, Ọ̀gá sì fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi níhà.

Ó jókòó ti 36 fún ìgbà díẹ̀, títí ó fi gòkè dé 49 tó sì dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fa ìwé tó ti kọ sí láàbù jáde, èyí tó fi ní kí wọ́n máa kó ẹ̀jẹ̀ lọ síbòmíràn, ó ya á sí méjì, ó jù ú sínú apẹ̀rẹ̀. Ó ní kí n máa wá ní gbogbo Ọjọ́ Ajé láti máa bójú tó àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, bí mo bá fẹ́. Bí mo bá fẹ́!

Mo yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbé aṣọ kan bojú, ó ń díbọ́n pé òun ń wá abẹ́rẹ́.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ nígbà tí à ń lọ sílé. A ò sáré.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Òórùn ilẹ̀ tútù níbi gbogbo. Mo dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù ní aago mẹ́jọ, mo kí Bàbá Ìwé, mo na ọwọ́ sí pẹ́ńì bí mo ṣe ti ń ṣe láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ó pa ìwé dé. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e.

"Kí ni mo ṣe, bàbá?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Kọjá."

"Ẹ̀yin! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọwọ́ mi ti wọlé?"

"Ìgbà yẹn nìyẹn." Ojú rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín, àmọ́ irùngbọ̀n rẹ̀ ń mì. "Mo ti sọ ọ́ fún ọ, àlejò ló ń kọ orúkọ."

Kí n má bàa sunkún lójú bàbá, mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Bí wọ́n bá wá mi wá ńkọ́, tí wọ́n wo ìwé, tí wọn ò rí mi?"

"Kí wọ́n wọlé wá wò," ni Bàbá Ìwé wí.

Mo wọlé. Ọ̀gá ti ń kí Ìyá Àgbà lọ́wọ́. 50.